Òwú Tí Wọn Kò Tíì Ràn

Iná ti lọ láti ọjọ́ Ẹtì.
Lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Ògìdì,
àpáta tí oòrùn ọ̀sán ṣì ń mí nínú rẹ̀,
mo gbé awò olójú méjì ilé-ìwé jáde,
èyí tí ọ̀gá fi lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìkìlọ̀:
“Olùkọ́ Ọbájẹmú, bó bá fọ́, owó oṣù rẹ ni.”

Yèyé Médùpín ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú mi,
ó na ẹsẹ̀, eérú lórí ìka,
ọ̀pá ìrànwú ń pòòyì lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀.
Kò bèèrè fìtílà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ òwú ju ojú rẹ̀ lọ,
ojú tí awọ ti bo ọ̀kan
láti ọdún tí wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà Kàbà.

Ọ̀kun, Yèyé.
Ọ̀kun o, ọmọ mi. Kí lò ń fi nǹkan yìí ṣọ́?

Mo ní: ẹ wo mẹ́ta tó tò yẹn.
Ẹ sọ ojú kalẹ̀ díẹ̀.
Níbi tó ṣe bàìbàì,
bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ tútù nu ojú ọ̀run,
ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀.

Ó pẹ́ kó tó rí i. Awò ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀;
mo fi èjìká mi ti ìgúnpá rẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín:
“Òwú mà ni! Òwú tí wọn kò tíì ràn.”

(Nínú ìwé, ó pupa bí osùn.
Láti Ògìdì, eérú ló jọ. N kò jiyàn.)

Mo ní gáàsì ni, àti eruku,
ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò rìn ju ogún ọdún lọ
kó tó la á já.
Ó tutù níbẹ̀rẹ̀, ó rí wúruwùru.
Ibi tó bá ki díẹ̀ a fa ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra,
èyí tó fà a sọ ọ́ di wíwúwo,
wíwúwo a tún fà sí i,
a máa yí, a máa yí, a máa le, a máa gbóná,
títí inú rẹ̀ yóò fi gbiná.

“Ta ní ń yí i?”
Ìwúwo ara rẹ̀ ni, Yèyé.
Ó ta ọ̀pá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yọwọ́,
ó wò ó bó ti ń yí láìsí ẹnikẹ́ni.
“Ẹnì kan ló kọ́kọ́ ta á níka.”
N kò ní èsì sí ìyẹn.

Mo bá mú ọ̀rọ̀ lọ síbòmíràn: àwọn àkọ́bí
tó ti tàn láàárín, mẹ́rin tó jókòó pọ̀,
àwọn ni ń tanná sí yàrá tí wọ́n bí wọn sí.
Ìmọ́lẹ̀ wọn náà ló sì ń fẹ́ ìkùukùu yẹn dànù.
“Hẹn,” ló wí. “Ọmọ a máa jẹ ilé ìyá rẹ̀.”

Ó tún gbé awò sójú.
“Gbogbo wọn ló ń gbiná?”

Rárá. Àwọn kan kóra jọ, wọn kò wúwo tó.
Wọ́n á lọ́ wọ́ọ́rọ́,
wọ́n á wá máa tutù lọ.

Ó gbé awò lé orí itan.
Alùpùpù kan gba ọ̀nà Ìyàrá kọjá, ariwo rẹ̀ pẹ́ kó tó tán.
“Méjì,” ni Yèyé wí. “Ṣáájú bàbá rẹ.
Ọ̀kan gbóná lọ́wọ́ mi títí ilẹ̀ fi mọ́.”

N kò gbọ́ ọ rí. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ nílé wa rí.

“Kí lẹ̀yin olùkọ́ ń pe irú wọn?”
Orúkọ wà nínú ìwé. Mo mọ̀ ọ́n.
Mo ní: ìràwọ̀ náà ni, Yèyé.
Ó tẹ ìka bọ eérú, ó ń bá òwú rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé mo dá awò padà.
Ọ̀gá gbé e sí ojú fèrèsé, ó yẹ̀ ẹ́ wò,
ó rí fọ́nrán òwú kan lára dígí òsì,
ó fa áńkáṣífù yọ.
Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má nù ún.